Ẹ̀rín Yàtọ̀ sí Ẹ̀sín: Ìtàn Marie Dressler

Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rín, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀sín. Ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ìkáwọ́ rẹ̀ ni eré wà. Òun ló mọ ibi tí ẹ̀rín yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò ti dáwọ́ dúró. Ẹni tí a ń fi ṣẹ̀sín kò ní àṣẹ kankan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ara rẹ̀, ìrìn rẹ̀ tàbí ipò rẹ̀ láwùjọ ni a sọ di ohun ìṣeré. Síbẹ̀, bí a bá jókòó síwájú ìtàgé tàbí sínú ilé sinimá, ìró kan náà ni méjèèjì ń mú jáde lẹ́nu wa. Mo rò pé ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń fojú kéré òṣèré ẹlẹ́fẹ̀. Wọ́n gbà pé ojú tí kò dára tàbí ikùn tó yọ síta ti tó láti sọ ènìyàn di apanilẹ́rìn-ín. Wọn kì í rántí pé làákàyè wà nínú iṣẹ́ náà, pé ìfaradà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìtàn obìnrin kan wà tó lè là wá lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Marie Dressler ni wọ́n ń pè é. Obìnrin gíga, tó sanra ni. Kò sí ẹni tó pè é ní arẹwà rí, òun pàápàá kò sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1914, nígbà tí sinimá kò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ, òun ni olú ẹ̀dá-ìtàn nínú eré kan tí àwọn òpìtàn sinimá máa ń kà sí eré ẹlẹ́fẹ̀ gígùn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1932 àti 1933, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, òun ló gba ipò kìíní nínú ìṣirò àwọn òṣèré tí orúkọ wọn ń mú owó wọlé jù lọ fún àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni ó rí ọdún tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí ara kan náà àti ojú kan náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sín tí wọ́n sì di ti ẹ̀rín. Orí ire wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ire nìkan.

Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1868 ni wọ́n bí i ní ìlú Cobourg, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní ilẹ̀ Kánádà. Leila Marie Koerber ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Olùkọ́ orin ni bàbá rẹ̀, ọkùnrin tó ṣí wá láti ilẹ̀ Yúróòpù; ìdílé náà a sì máa kó láti ìlú kan dé èkejì. Ọmọ náà kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá lọ nígbà tó fi ilé sílẹ̀ tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèré alárìnká, ó sì bu ọjọ́ orí kún ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n lè gbà á. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí orúkọ Koerber hàn lára pátákó tíátà, nítorí náà ni ọmọ ṣe yá orúkọ ìbátan wọn kan lò. Orúkọ àyálò yẹn, Dressler, ni gbogbo ayé wá fi mọ̀ ọ́n.

Orin ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ fà sí. Ó fẹ́ di akọrin ọ̀pẹ́rà, ó sì lo ọdún púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ọ̀pẹ́rà kéékèèké tó ń rìn káàkiri, níbi tí òṣèré kan ti lè kọ́ ipa mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní 1892 ó dé orí ìtàgé Broadway ní ìlú New York nínú eré kan tí Maurice Barrymore kọ. Eré náà kò pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n Barrymore sọ fún un pé ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ tó ń lálàá ọ̀pẹ́rà gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tó dùn mọ́ni. Ó gbà á. Ní 1896, nínú eré olórin tó ń jẹ́ *The Lady Slavey*, àwọn ará New York gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣeré ní tíátà ńláńlá, àti lórí ìtàgé alámùúlùmálà níbi tí orin, ijó, idán àti àwàdà ti máa ń tẹ̀ lé ara wọn.

Ipa tó wá sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni ti Tillie, nínú eré *Tillie's Nightmare*, tí wọ́n gbé jáde ní New York ní 1910. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni Tillie nínú ilé tí àwọn àlejò ti ń sanwó oúnjẹ àti ibùsùn. Iṣẹ́ ilé kò jẹ́ kó gbádùn. Ojú oorun nìkan ló ti ń rí ayé olówó. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òṣìṣẹ́ obìnrin tí ayé fojú pa rẹ́ ni Dressler yóò máa padà bọ̀ sí títí dópin.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Mack Sennett ránṣẹ́ pè é sí California. Ọmọ Kánádà ni Sennett pẹ̀lú, òun ló sì ń darí ilé-iṣẹ́ sinimá Keystone. Ní àkókò yẹn, fíìmù ẹlẹ́fẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún lọ: ẹnìkan yóò ṣubú, ẹnìkan yóò sá, ọlọ́pàá yóò lé e, eré parí. Sennett fẹ́ ṣe eré kan tí yóò gùn tó eré orí ìtàgé, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò sanwó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àfi bí gbajúmọ̀ òṣèré bá wà nínú rẹ̀. Dressler ni gbajúmọ̀ náà. Charlie Chaplin, tí a wá ń kà sí ọba àwọn ẹlẹ́fẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, àti Mabel Normand, wà nínú eré ọ̀hún, ṣùgbọ́n orúkọ Dressler ló ṣíwájú tiwọn. *Tillie's Punctured Romance* ni wọ́n sọ eré náà, wọ́n sì gbé e jáde ní ìparí ọdún 1914.

Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Tillie jẹ́ ọmọ àgbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti ìlú ńlá wá, Chaplin ni, fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàn án kó lè rí owó bàbá rẹ̀ gbà. Ó mú un dé ìlú, ó fún un lọ́tí, òun àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ sì gbé àpò owó sá lọ. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá Tillie tó lówó ti kú, ó sáré padà wá gbé e níyàwó. Ẹni tí wọ́n ní ó kú kò kú. Ìbọn dún, wọ́n lé ara wọn dé etíkun, Tillie sì já sínú omi.

Mo ti wo fíìmù náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, n kò sì lè sọ pé ara mi balẹ̀ bí mo ti ń wò ó. Ẹni ọdún 45 ni wọ́n wọ aṣọ ọmọge fún, ọ̀pọ̀ ẹ̀rín inú eré náà sì dá lórí èrò kan ṣoṣo: pé obìnrin tó tóbi tó báyìí gbà gbọ́ pé ọkùnrin lè fẹ́ràn òun. Bó ti ń jó, ó ń gbá èrò lulẹ̀. Bó ti ṣubú, agbára káká ni wọ́n fi ń gbé e dìde. Ẹ̀sín ni èyí. Dressler fúnra rẹ̀ sì ń ṣeré bí ẹni tó wà lórí ìtàgé ńlá, tó fẹ́ kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá rí òun. Ó ń ju apá, ó ń yí ojú, ó ń fi gbogbo ara sọ ohun tí ìpéǹpéjú nìkan ìbá sọ. Chaplin, ẹni ọdún 25 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ sinimá lọ́dún náà, ti mọ̀ pé kámẹ́rà kì í ṣe odi, kò yẹ kí ènìyàn máa pariwo sí i.

Síbẹ̀, ohun kan wà ní ìparí eré náà tó máa ń dá mi dúró. Nígbà tí wọ́n fa Tillie jáde nínú omi, ó bọ́ òrùka, ó dá a padà fún ọkùnrin náà. Ọ̀rẹ́bìnrin tó bá a jalè náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì tí ẹlẹ́tàn kan náà tàn jẹ wá dì mọ́ ara wọn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ náà a kò fi Tillie ṣẹ̀sín mọ́.

Fíìmù náà pa owó, orúkọ Tillie sì di ohun títà. Dressler ṣe *Tillie's Tomato Surprise* ní 1915 àti *Tillie Wakes Up* ní 1917, lẹ́yìn náà ló ṣe àwọn fíìmù kúkúrú mélòó kan. Kò sí èyí tó dà bí àkọ́kọ́. Àwọn aláwòrán ti ń kọ́ ìrẹ̀lẹ̀ ojú lọ́dọ̀ Chaplin, òun sì ń ṣe ti àtijọ́ lọ. Ní 1918, nígbà tí Amẹ́ríkà wà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, òun àti Chaplin, Mary Pickford àti Douglas Fairbanks jọ ń pàrọwà kiri fún àwọn aráàlú pé kí wọ́n yá ìjọba lówó ogun. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n nígbà náà. Kò sí ẹni tó lè rò pé ilé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dà wó lé e lórí láìpẹ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1919, àwọn òṣèré New York yanṣẹ́ lódì. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Agbátẹrù kì í san kọ́bọ̀ fún àkókò ìdánrawò, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí eré bá kùnà, ó lè fi òṣèré sílẹ̀ sí ìlú òkèèrè láìsanwó ọkọ̀ tí yóò gbé e délé. Àgbà òṣèré lè bá agbátẹrù dúnàá-dúrà, nítorí orúkọ rẹ̀ ló ń ta ìwé ìwọlé. Àwọn elégbè kò ní irú agbára yẹn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń jó, tó ń gbe orin lẹ́yìn àgbà òṣèré, ni owó wọn kéré jù. Nínú owó kékeré náà ni wọ́n sì ti ń ra bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ tí wọn yóò fi ṣeré. Láàárín ìyanṣẹ́lódì náà ni àwọn elégbè dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Marie Dressler ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Kò sí ohun tó fipá mú un. Ẹni ọdún 50 ni, gbajúmọ̀ ni, kò ní bàtà elégbè tó fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n òun náà ti ṣe elégbè rí nígbà èwe, ó sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Àwọn agbátẹrù dá ìlérí sílẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ kan sì tẹ̀ lé George M. Cohan tó lòdì sí ẹgbẹ́ náà; Dressler dúró ti àwọn ọmọbìnrin náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn agbátẹrù gbà láti bá ẹgbẹ́ òṣèré ṣe àdéhùn. Àwọn elégbè jèrè. Ní ti ààrẹ wọn, àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ agbátẹrù kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà bọ̀rọ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n-ón-fọ́n.

Kì í ṣe ìbínú agbátẹrù nìkan ló fà á. Ayé yí. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé 1920 jẹ́ ọdún àwọn ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ tó gé irun wọn mọ́ etí, tí aṣọ wọn kò kọjá orúnkún. Kí ni obìnrin arúgbó tó sanra fẹ́ ṣe láàárín wọn? Ní 1924 ó tẹ ìwé kan jáde nípa ayé ara rẹ̀, ó sì fi àkọlé ìwé náà pe ara rẹ̀ ní ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí kò lẹ́wà. Mo ka àkọlé yẹn sí ọgbọ́n ẹlẹ́fẹ̀: ẹni tó bá ti kọ́kọ́ bú ara rẹ̀ ti gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ bú u. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ kì í ṣe oúnjẹ. Nígbà tó fi di 1926, kò sí tíátà tó ń pè é, kò sì sí ilé-iṣẹ́ sinimá kankan tó ń wá a.

Yorùbá ní ènìyàn ni aṣọ. Ẹni tó di aṣọ fún Dressler ni Frances Marion. Nígbà tí Marion jẹ́ ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn ní San Francisco, ó ti bá Dressler pàdé. Gẹ́gẹ́ bí Marion fúnra rẹ̀ ṣe sọ, àgbà òṣèré náà ṣe é lóore ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ bọ́. Òun ló kọ *Tillie Wakes Up* pẹ̀lú. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Marion ti di ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń sanwó fún jù lọ ní Hollywood, ó sì gbọ́ pé nǹkan kò rọgbọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò fi owó ránṣẹ́. Ó jókòó, ó kọ eré tó bá Dressler mu, ó sì lọ bá Irving Thalberg, ọ̀gá tó ń bójú tó ṣíṣe eré ní ilé-iṣẹ́ MGM, pé òṣèré yìí ni kí wọ́n fún.

*The Callahans and the Murphys* ni eré náà, ní 1927. Ìjà àti ìrẹ́pọ̀ ìdílé ọmọ ilẹ̀ Áyálándì méjì ló dá lé, Polly Moran sì ni ìkejì Dressler nínú rẹ̀. Àwọn ará Áyálándì tó wà ní Amẹ́ríkà bínú sí i. Wọ́n ní eré náà sọ àwọn di ọ̀mùtí àti aláriwo. Wọ́n fẹ̀hónú hàn títí MGM fi kó o kúrò nílẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ kankan kò sí mọ́ lónìí. Mo rí ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀: ẹni tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín rí lè bọ́ sínú eré tó ń fi ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Àwọn ará Áyálándì mọ ìyàtọ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Lẹ́yìn èyí ni ohùn dé. Láti 1927 títí dé 1929 ni sinimá Amẹ́ríkà ń kọ́ ọ̀rọ̀ í sọ, ìbẹ̀rù sì mú àwọn gbajúmọ̀. Àwọn kan wà tí ojú wọn dára ju ohùn wọn lọ. Àwọn mìíràn kò ti ẹnu sọ gbólóhùn kan lójú èrò rí. Ní ti Dressler, ó lé ní ogójì ọdún tó ti ń fi ohùn jẹun. Nígbà tí MGM fẹ́ ṣe *Anna Christie*, eré Eugene O'Neill, fún Greta Garbo, tí yóò jẹ́ àkọ́sọ̀rọ̀ Garbo nínú sinimá, Marion ló kọ ọ́ fún fíìmù, Dressler sì ni wọ́n fún ní ipa Marthy, arúgbó ọ̀mùtí tó ń gbé inú ọkọ̀ ẹrù pẹ̀lú bàbá Anna. Fíìmù náà jáde ní 1930.

Ẹ wo ibi tí àwọn méjèèjì ti jókòó sídìí tábìlì kan náà nílé ọtí. Gbogbo ayé wá gbọ́ ohùn Garbo. Ojú Dressler ni èmi ń wò. Ó mutí yó, ó ń tọ́ ẹnu lá, ẹ̀rín wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin náà ti ń sọ̀rọ̀, Marthy bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó jẹ́, ó sì yé e pé òun ni yóò kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ kí ọmọ lè ráyè lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò ju apá, kò yí ojú. Ó kàn dákẹ́, ó wo ọmọ náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni àwọn àgbà wí. Ó yà mí lẹ́nu pé nígbà tí sinimá kò lóhùn ni Dressler ń fi ara pariwo. Nígbà tí ohùn dé tán ni ó tó kọ́ bí a ti í dákẹ́. Ohùn ti gba ẹrù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀. Ara náà sì lè wá jẹ́ ara ènìyàn lásán, tó ti gbó, tó ti rẹ̀, tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Lọ́dún kan náà ni *Min and Bill* jáde. Marion wà lára àwọn tó kọ ọ́, George Hill sì darí rẹ̀. Min ní ilé àlejò kékeré ní èbúté, ó sì ti tọ́ ọmọbìnrin kan dàgbà tí ìyá rẹ̀ jù sílẹ̀. Ó ń jágbe mọ́ ọmọ náà, ó ń bá Bill, apẹja ọ̀mùtí tí Wallace Beery ṣe, jà títí wọ́n fi ń fọ́ ohun èlò. Ilé sinimá a hó fún ẹ̀rín. Nígbà tí ọmọ náà wá rí ọkọ tó dára fẹ́, ìyá tó jù ú sílẹ̀ dé láti ba ọ̀ràn náà jẹ́, Min sì yìnbọn pa á. Ní ìparí, Min dúró ní ẹ̀yìn èrò, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọmọ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́pàá fọwọ́ kan Min, ó yíjú, ó tẹ̀ lé wọn, ẹ̀rín músẹ́ sì wà lójú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Dressler fi hàn pé bí a bá ń rẹ́rìn-ín náà, a lè ríran pẹ̀lú.

Eré yìí ló gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ti òṣèrébìnrin tó tayọ jù lọ fún un, ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1931, ọjọ́ kejì ọjọ́ tó pé ọdún 63. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Jackie Cooper, ọmọdé òṣèré tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́sàn-án, ti sùn lọ fọnfọn lára rẹ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní láti gbé ọmọ náà kúrò kó tó lè dìde.

Kí ló mú kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lọ wo sinimá fẹ́ràn ìyá arúgbó yìí ju àwọn arẹwà lọ? Ẹ jẹ́ kí a rántí àkókò náà. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ láti ìparí ọdún 1929. Nígbà tó fi di 1933, bí òṣìṣẹ́ mẹ́rin bá dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ báńkì ti fọ́. Àwọn ènìyàn tí ayé ti jù síta mọ ẹni tí ayé ti jù síta rí. Àwọn eré rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń jẹ wọ́n. Nínú *Politics* ti 1931, opó kan ló jáde du ipò olórí ìlú kí ó lè lé àwọn jàǹdùkú lọ, gbogbo obìnrin ìlú sì yanṣẹ́ ilé lódì fún àwọn ọkọ wọn. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo rí ààrẹ àwọn elégbè ti 1919 nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Nínú *Prosperity* ti 1932, báńkì ló fẹ́ dà wó. Nínú *Tugboat Annie* ti 1933, òun ló ń tu ọkọ̀ kékeré tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, tí ọkọ ọ̀mùtí sì jẹ́ ẹrù rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni àwòrán rẹ̀ jáde lára èèpo ìwé ìròyìn *Time*.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀wọ̀n mìíràn ni MGM tún fi í sí. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ní 1914 wọ́n fi í ṣẹ̀sín nítorí ó fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun. Lẹ́yìn 1930, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ipa tí ó ti ń béèrè ohunkóhun fún ara rẹ̀. Nínú *Emma* ti 1932, ọmọ-ọ̀dọ̀ tó tọ́ ọmọ ọlọ́mọ dàgbà ni. Nígbà tó jogún ọrọ̀ baba wọn, wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, ó sì tún kó gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ìyá tó ń fúnni títí tí kì í gbà: ayé fẹ́ràn irú ìyá bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ná wọn lówó. N kò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wo bí ó ti ṣe ipa wọ̀nyí, yóò rí i pé kò fi ìgbà kan bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ìbínú wà nínú ìfẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń dá ẹ̀rín sílẹ̀ gan-an níbi tí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú rẹ̀.

*Dinner at Eight*, tí George Cukor darí ní 1933, sì dáhùn fún ẹni tó bá rò pé ọmọ-ọ̀dọ̀ àti ìyá nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Carlotta Vance ni níbẹ̀, òṣèrébìnrin àtijọ́ tí ẹwà rẹ̀ ti ṣá, tí owó rẹ̀ ti ń tán, tó fẹ́ ta ìpín rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní òpin eré náà, bí àwọn àlejò ti ń wọlé lọ jẹun, ọmọge tí Jean Harlow ṣe sọ fún un pé òun ka ìwé kan láìpẹ́ yìí. Ẹsẹ̀ Carlotta fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́, ó dúró gbagidi, ó yíjú wò ó. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín kí ó tó lanu dáhùn. Ọdún àádọ́ta ìtàgé wà nínú ìdúró kékeré yẹn. Arúgbó tó sanra ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ arẹwà tó mókìkí jù lọ ní Hollywood, kò sì sí ẹni tó fi arúgbó náà ṣẹ̀sín.

Àrùn jẹjẹrẹ ti wà lára rẹ̀ nígbà tó ṣe àwọn eré ìkẹyìn wọ̀nyí. Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1934 ní Santa Barbara ní California, lẹ́ni ọdún 65. Ipò gíga tó dé kò tó ọdún márùn-ún ní gígùn, lẹ́yìn iṣẹ́ àádọ́ta ọdún. Ìlú Cobourg ṣì ń tọ́jú ilé tí wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ Kánádà sì ya àwòrán rẹ̀ sára sítáǹbù ní 2008.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n akólòlò kì í dá nìkan pè é. Ẹnìkan ní láti dúró gbọ́ ọ. Àwọn elégbè rí ẹni dúró tì wọ́n ní 1919, Dressler náà sì rí Frances Marion nígbà tí ó kàn án. Nígbà tí obìnrin tó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn jókòó láti kọ̀wé fún un, kò kọ̀wé fún ìdí ńlá àti ojú tí kò dára. Ó kọ̀wé fún ẹni tó mọ ebi, tó mọ ìtìjú, tó sì tún lè rẹ́rìn-ín. Bí ìdí tí ẹ̀sín fi di ẹ̀rín bá wà, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Nítorí náà, nígbàkígbà tí aláwàdà bá pa wá lẹ́rìn-ín, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè, kí ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu wa, bóyá òun ló ń rẹ́rìn-ín tàbí àwa ló ń fi í ṣẹ̀sín.